Ọwọ́ Tí Ó Kàn Án Kẹ́yìn

Ìbéèrè kan wà tí ó dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n tí àwọn àgbà ìlú, àwọn adájọ́ àti àwọn olùkọ́ ń bá pàdé lójoojúmọ́ láìfún un ní orúkọ. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí ohun kan bá ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ènìyàn púpọ̀, tí ó sì wá bàjẹ́ tán mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, ta ni ó bà á jẹ́? Àṣà wa ti dáhùn ná. Ẹni tí a bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Bí ìkòkò bá fọ́ lórí ọmọ tí ó rù ú bọ̀ láti odò, a kì í béèrè iye ìgbà tí a ti gbé ìkòkò náà kanlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Ọmọ náà ni ó fọ́ ìkòkò. A ó nà án, ọ̀rọ̀ sì parí.

Àwa kò rò pé ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. A sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe nínú ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n, bí kò ṣe ní ìsọ̀ àwọn tí ń tún alùpùpù ṣe, níbi tí ilẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, tí ènìyàn kò sì lè fi ọ̀rọ̀ dídùn mú bóòtì dúró.

Igbó-Elérin wà ní agbègbè Ọ̀jọ́, láàárín Ìbà àti Okokomaiko, ní ìhà ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Orúkọ rẹ̀ sọ fún wa pé igbó tí erin ń gbé ni tẹ́lẹ̀ rí. Lónìí, ohun tí ń ké nínú rẹ̀ kì í ṣe erin mọ́ bí kò ṣe ọ̀kadà. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, tí ó sì fi mẹ́rin kún un ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Ọ̀jọ́ kò sí nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ìyá tí ó ru ẹrù bọ̀ láti ọjà, olùkọ́ tí ilẹ̀ ti mọ́ bá, gbogbo wọn ni ó ti gbára lé e rí. (Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ náà pilẹ̀ jẹ́. Okada Air ni orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan tí olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀. Àwọn ènìyàn sì fi orúkọ ohun tí ń fò fún ohun tí ń sá nínú ẹrẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé, ẹ̀fẹ̀ náà kò kógbá wọlé.)

Ní abẹ́ ẹ́ńjìnì alùpùpù ni bóòtì kúkúrú kan wà, tí a fi dí ihò tí a ti ń da ọ́ìlì àlòkù sílẹ̀. Ẹni tí kò fọwọ́ kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí kò ní kà á sí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tí ń bẹ nínú ẹ́ńjìnì kékeré bí ti Bajaj Boxer kò ju nǹkan bí lítà kan lọ, bí ihò yìí bá sì ń jò, kò ní pẹ́ kí ó tó lọ sílẹ̀. Nígbà náà ni àwọn irin inú ẹ́ńjìnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara wọn ní gbígbẹ. Wọn yóò gbóná, wọn yóò sì lẹ̀ mọ́ra. Bí ọ́ìlì bá ta sí táyà ẹ̀yìn, ewu rẹ̀ tún ju èyí lọ, nítorí pé táyà tí ó yọ̀ kò mọ ẹni tí ń gun alùpùpù yàtọ̀ sí èrò tí ó gbé sẹ́yìn.

Irin líle ni bóòtì náà. Álúmíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnì tí a dè é mọ́, ohun tí ó fúyẹ́, tí ó sì ń tètè gbé ooru lọ, ṣùgbọ́n tí ó rọ̀ ju irin lọ. Láàárín àwọn méjèèjì ni wáṣà pẹlẹbẹ kan wà, tí a fi bàbà tàbí álúmíníọ̀mù ṣe, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni pé kí ó tẹ̀ kí ó lè dí àlàfo. Wáṣà yìí ni ó ń dá ọ́ìlì dúró. Kì í ṣe agbára apá ẹni tí ó dè é. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò mọ èyí. Nígbà tí wáṣà bá ti gbó, tí a kò sì pààrọ̀ rẹ̀ nítorí owó tí kò tó owó àkàrà, ọ́ìlì a máa kán. Ẹni tí ó bá rí i a mú sípánà gígùn, a sì fún bóòtì náà sí i. Kíkán náà yóò dúró fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀, a ó tún fún un. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ń ṣe báyìí, irin líle ń jẹ tírẹ́ẹ̀dì tí ó rọ̀, àwọn ẹsẹ̀ tírẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ tí ó sún mọ́ orí bóòtì ni ó sì ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Yóò di ọjọ́ kan, bóòtì yóò máa yí láìdúró mọ́, tírẹ́ẹ̀dì yóò sì bá a jáde bí wáyà tín-ín-rín tí ń dán. Ẹ kíyèsí i pé ìbẹ̀rù jíjò ni ó bí jíjò tí sípánà kò lè dá dúró.

Irú rẹ̀ ni ọ̀ràn tí a gbé wá síwájú wa àti àwọn àgbà ìjọ mélòó kan ní àdúgbò náà. A rán ọmọ iṣẹ́ kan, tí ó ku oṣù díẹ̀ kí ó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, pé kí ó pààrọ̀ ọ́ìlì ọlọ́kadà kan. Bí ó ti ń dá bóòtì padà, kí ó tó fún un rárá, ó rí i pé bóòtì náà ń yí bí ẹni pé inú ẹ̀kọ ni òun ti ń yí i. Ó fi sípánà sílẹ̀, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọlọ́kadà náà kò fẹ́ gbọ́ àlàyé. Ó ní, “Ọ̀gá, nígbà tí mo gbé e wá, ṣé ẹ rí i tí ó ń jò?”

Ọmọ náà ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. N kò fún un jù.”

“Ọwọ́ ta ni ó wà?”

“Ọwọ́ mi ni, sà.”

“Ó tán!”

Ohun tí wọ́n ń béèrè kì í ṣe ohun kékeré. Ọlọ́kadà fẹ́ kí a ra odindi ìdajì ara ẹ́ńjìnì tuntun fún òun. Ọ̀gá, ní tirẹ̀, ní bí òun bá san án, ọmọ náà yóò fi ọdún kan kún ọdún ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ìyá ọmọ náà, opó tí ń ta gàárì, ti ra aṣọ tí yóò wọ̀ ní ọjọ́ òmìnira. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní òun kò rí ohun tí a ń jiyàn lé lórí, nítorí pé ọwọ́ ọmọ ni a bá a. Ìyá náà kúnlẹ̀, ó sì bi í pé, “Bàbá, bí mo bá fi ìkòkò tí ó ti sán bomi fún ọmọ yín kí ó rù ú, ṣé ọmọ yín ni ó fọ́ ọ?” Bàbá náà kò dá a lóhùn ní ọjọ́ náà.

Àwọn kan yóò sọ pé òfin àwọn òyìnbó ti yanjú ọ̀ràn yìí, tí ó sì dá ọlọ́kadà láre. Ní ọdún 1901, adájọ́ Kennedy gbọ́ ẹjọ́ obìnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó wà nínú oyún, tí ó sì dúró nínú ilé ọtí ọkọ rẹ̀ nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan fi àìbìkítà wa ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin wọ inú ilé náà. Ọkọ̀ náà kò fara kàn án, ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì mú un, ó sì bímọ láìpé oṣù. Adájọ́ náà là á yé ni pé ẹni tí ó bá ṣe ẹlòmíràn ní ibi kò lè fi ṣe àwíjàre pé ìbá má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bí egungun orí ẹni náà kò bá fẹ́lẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí ó ti bá a ni yóò gbà á. A kò lè sẹ́ pé òdodo ń bẹ nínú ìdájọ́ yìí. Bí kò bá sí, àwọn aláìlera ni ọmọ aráyé yóò máa lù, tí wọn yóò sì máa wí pé ara wọn ni kò le.

Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ hùwà àìbìkítà ni ìlànà náà bá wí. Àwọn awakọ̀ náà ti ṣe ohun tí kò tọ́ kí a tó wá béèrè bí àbájáde rẹ̀ ti pọ̀ tó. Kò sí ibi tí adájọ́ náà gbé sọ pé ẹni tí ó fọwọ́ pẹ̀lẹ́ kan ohun tí ó ti kú sí ìdúró ni yóò san gbogbo gbèsè ikú rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó fi òfin yìí mú ọmọ iṣẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó fún bóòtì náà jù. Ìbéèrè yìí gan-an ni ọlọ́kadà fò kọjá nígbà tí ó béèrè ọwọ́ ẹni tí ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ mìíràn, tí ó jẹ́ ti álúmíníọ̀mù bákan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀run ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú Comet ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù karùn-ún ọdún 1952, ni ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ọdún 1954, ọ̀kan nínú wọn tú ká lójú ọ̀run lẹ́bàá erékùṣù Elba, ènìyàn 35 sì ṣègbé. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún kan náà, òmíràn já sínú òkun nítòsí Naples pẹ̀lú ènìyàn 21. Àṣà ọwọ́ ìkẹyìn ìbá ti wí pé àwọn tí ń wà á ni wọ́n ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ní Farnborough gbé ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ náà sínú àgbá omi ńlá kan, wọ́n sì ń ti omi kún inú rẹ̀, wọ́n ń tú u sílẹ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ náà ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀, títí ara rẹ̀ fi ya nígbà tí ó pé nǹkan bí ìrìn-àjò 3,000. Gbogbo ìrìn-àjò tí ó lọ tí ó sì bọ̀ láyọ̀ ni ó ti fi díẹ̀ kún sísán náà. Ìrìn-àjò ìkẹyìn kò burú ju àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ rárá. Ó kàn jẹ́ pé òun ni ó kù.

Nígbà tí a sọ ìtàn yìí fún àwọn àgbà, ẹnì kan nínú wọn, tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi, sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ó ní bí a bá pín ẹ̀bi fún gbogbo ọwọ́, kò ní sí ọwọ́ kankan tí yóò san nǹkan. Ọlọ́kadà yóò gbé alùpùpù tí ń jò lọ sílé, gbogbo wa yóò sì máa kí ara wa kú òye. Òtítọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí ó bá di ti gbogbo ayé kì í pẹ́ di ti ẹnikẹ́ni. Àwọn baba wa sì mọ̀ pé ẹ̀bi ṣeé pín láìsọnù, nítorí àwọn ni wọ́n wí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Wọ́n ka ọwọ́ méjì, wọ́n sì fi ìwọ̀n wọ̀n wọ́n. Wọn kò kan mú ẹni tí epo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni wòlíì Ísíkíẹ́lì bá àwọn ènìyàn rẹ̀ wí gidigidi nítorí òwe kan tí wọ́n ń pa, èyí tí ń di ẹ̀bi àwọn baba lé àwọn ọmọ lórí.

Kí ni ó wá jẹ́ ti ọwọ́ ìkẹyìn? Lójú tiwa, ohun kan ń bẹ tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan: òun ni ó mọ̀. Nínú gbogbo àwọn tí ó ti dè é tí wọ́n sì ti tú u, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé òun ń ba nǹkan jẹ́. Bóòtì dá wọn lóhùn, wọ́n sì lọ. Ọmọ yìí ni bóòtì kò dá lóhùn. Láti ìṣẹ́jú náà ni iṣẹ́ kan ti bọ́ sí i lọ́rùn tí kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni ṣáájú rẹ̀, èyíinì ni pé kí ó sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ́. Kò jẹ gbèsè tírẹ́ẹ̀dì; ó jẹ gbèsè ọ̀rọ̀. Ó sì ti san án nígbà tí ó pe ọ̀gá rẹ̀.

Ìbá ti lè ṣe òmíràn. Gbogbo ẹni tí ó ti jókòó ní ìsọ̀ mẹkáníìkì rí mọ ohun tí à ń wí. Tẹ́ẹ̀pù ń bẹ tí a lè wé mọ́ tírẹ́ẹ̀dì. Gọ́ọ̀mù ń bẹ tí a lè fi pa á. Alùpùpù yóò jáde, kò ní jò fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, bóòtì yóò sì bọ́ sí ojú títì níbi tí kò sí ẹni tí yóò rántí ọmọ iṣẹ́ kankan. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà náà ni yóò jẹ̀bi ní tòótọ́, ẹni tí kò jẹ̀bi ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú. Ohun tí ó sì ń bà wá nínú jẹ́ nìyí: àṣà tí ń mú ọwọ́ ìkẹyìn san gbogbo rẹ̀ ni ó ń kọ́ ọwọ́ ìkẹyìn láti wé tẹ́ẹ̀pù. Ọmọ tí ó sọ òtítọ́ ni ó wà níwájú àwọn àgbà. Àwọn tí kò sọ ọ́ ń jẹun nílé wọn. Àwọn tí ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ti rí èyí. Nínú Àfikún kẹtàlá ìlànà ICAO, tí a kọ́kọ́ gbà ní ọdún 1951, a kọ ọ́ pé ìdí kan ṣoṣo tí a fi ń wádìí ìjàǹbá ni kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀, kì í ṣe láti di ẹ̀bi lé ẹnikẹ́ni lórí. Wọn kò ṣe é nítorí àánú. Wọ́n ṣe é nítorí pé wọ́n fẹ́ gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí yín. Olùkọ́ tí ń mú àwọn ọmọ lọ sí ìdánwò ìkẹyìn a máa gba ẹ̀gàn gbogbo ọdún tí ó ti kọjá sórí. Ọmọ tí kò mọ ìṣirò dáadáa ní kíláàsì kẹta, tí a tì lọ sí ìkẹrin, tí a tì lọ sí ìkarùn-ún, yóò kùnà níwájú rẹ̀, àwọn òbí yóò sì béèrè ọwọ́ ẹni tí ọmọ wà. Ẹ kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ara yín. Ẹ má sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí bẹ́ǹṣì ṣẹ́ mọ́ nídìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, ẹ̀yin mọ ìtẹ́lọ́rùn tí ń bẹ nínú kí a rọra dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì tí ń mì, kí ẹlòmíràn lè wá jókòó sí i.

Ní ti alùpùpù náà, kò sí ìdí tí a fi ní láti ra ara ẹ́ńjìnì tuntun, èyí tí ìbínú kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ irin kan fẹ ihò náà díẹ̀, ó gé tírẹ́ẹ̀dì mìíràn sí i, ó sì fi bóòtì tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ sí i pẹ̀lú wáṣà tuntun. Àwọn mìíràn a máa fi ìdè wáyà líle kan tẹ́ inú ihò náà, kí bóòtì ti tẹ́lẹ̀ lè dúró nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò ju ìdá díẹ̀ nínú ohun tí a ń jà lé lórí. Ọ̀gá san ìdajì, nítorí pé òun ni ó ti pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn fún ọdún kan láìpààrọ̀ wáṣà. Ọlọ́kadà san ìdajì yòókù, nítorí pé nígbàkúùgbà tí wọ́n bá dárúkọ wáṣà tuntun ni ó máa ń wí pé kí wọ́n lo ti tẹ́lẹ̀. Kò rọrùn fún un láti gbà. Ó ní àlòkù ni òun ra alùpùpù náà, ta ni ó mọ ohun tí ẹni tí ó tà á ti ṣe? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kò rí ẹni náà láti pè. A kò fi ọjọ́ kan kún ọdún ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọmọ náà.

Ọ̀kan kù tí ẹnikẹ́ni kò pè wá sí ẹjọ́, tí a sì rò pé ó yẹ kí a pè: ilẹ̀ tí ọ́ìlì kán sí. Omi kànga ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ń lò ní àdúgbò náà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì rẹlẹ̀, omi kò jìnnà sí ojú rẹ̀. Àjọ EPA tí ń rí sí ọ̀ràn àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé ọ́ìlì àlòkù tí a dà láti inú ọkọ̀ kan ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè ba omi mímọ́ tí ó tó gálọ́ọ̀nù 1,000,000 jẹ́. Ti alùpùpù kéré sí ti mọ́tò, ṣùgbọ́n àwọn alùpùpù pọ̀. Ẹni tí yóò mu omi náà ní ọdún tí ń bọ̀ kò ní mọ ọwọ́ kankan, ìbáà ṣe ti àkọ́kọ́ tàbí ti ìkẹyìn.

Kí wọ́n tó túká, ọmọ náà bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní, “Bàbá, nígbà tí mo bá ní ìsọ̀ tèmi, tí ọlọ́kadà bá gbé irú èyí wá, ṣé kí n sọ fún un pé tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò lágbára mọ́, kí n tó fọwọ́ kàn án?” A ní kí ó sọ. Ó ronú díẹ̀, ó sì wí pé, “Yóò gbé e lọ sí ìsọ̀ ẹni tí kò ní sọ nǹkan fún un, sà.” A sọ fún un pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé a ti rí i tí ó rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ní ìsọ̀ mẹkáníìkì nìkan.